Àwòrán Tí Ìbídùn Gbé Kọ́ Bàbá Rẹ̀ Lọ́rùn

Lẹ́tà D kan ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ láti inú àwòrán tó wà lọ́rùn Ìbídùn. Ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ní ẹsẹ̀ ń ro òun. Kò ya Ìbídùn lẹ́nu. Inú gbàgede ìjíròrò orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ti ń bá àwọn èèyàn tàkúrọ̀sọ láti ọdún mẹ́ta ló wà. Ojú kọ̀ǹpútà nìkan ló ti máa ń rí ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ó ní ògiri, ó ní fèrèsé mẹ́ta, oòrùn òwúrọ̀ sì ń gba ojú fèrèsé àkọ́kọ́ wọlé. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló gbé àwòrán ìbuwọ́lùwé tirẹ̀ kọ́ ọrùn, àwòrán pẹlẹbẹ tó máa ń wà nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá kọ, tí orúkọ onítọ̀hún wà nínú rẹ̀.

Ti Ìbídùn ní iná, ó ní èéfín, ó ní ẹyẹ idì méjì, ó sì ní oríṣi lẹ́tà mẹ́fà. Ẹni tó bá dé iwájú rẹ̀ á fún ojú pọ̀, á ní, "Ta nìyí?" á sì kọjá lọ. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ló ti pààrọ̀ àwòrán náà lóṣù yẹn. Kò sí èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn nínú wọn.

Bàbá rẹ̀ gba inú ògiri wọlé. Ó ti tó ọdún márùn-ún tí baba náà ti kú. Nígbà ayé rẹ̀, òun ló ń fi ọ̀dà kọ ọ̀rọ̀ síwájú lọ́rì ní gáréèjì Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀dà pupa sì ṣì wà ní ìgunpá rẹ̀ bó ṣe wọlé yẹn. Ìbídùn kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Bàámi."

Baba la ẹnu. Ètè rẹ̀ ń mì, ohùn kò jáde.

Obìnrin tó ń ṣe alábòójútó gbàgede náà dé, rúlà onígi kan wà lábíyá rẹ̀. Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún ni wọ́n ń pè é.

"Ẹni tí kò bá ní ìbuwọ́lùwé kì í sọ̀rọ̀ níbí," ló wí. "Àwòrán náà kò sì gbọdọ̀ ga ju rúlà yìí lọ o. Bí oòrùn bá fi lè dé fèrèsé kẹta, bàbá ẹ ń lọ nìyẹn."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fún mi láyè díẹ̀ sí i."

"Ṣé èmi ni mò ń darí oòrùn ni?"

Ọ̀rọ̀ kan wà tí Ìbídùn fẹ́ gbọ́. Ìlọrin ló ti ń kàwé lọ́jọ́ tí bàbá rẹ̀ kú. Nígbà tó jáde nínú yàrá ìdánwò, ó rí i lórí fóònù pé baba ti pe òun lẹ́ẹ̀kan, ipè náà ò sì pẹ́ tó fi gé. Láti ọjọ́ náà ni kò ti mọ ohun tí baba fẹ́ sọ.

Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ìbuwọ́lùwé fún bàbá rẹ̀. Ó da iná sí i, ó fọ́n ìràwọ̀ sí i, ó tan ìmọ́lẹ̀ láti ọ̀tún, ó tan òmíràn láti òsì. Nígbà tó fi máa gbójú sókè, gbàgede ti di gáréèjì, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì jókòó sórí táyà. Ó gbé àwòrán náà kọ́ bàbá rẹ̀ lọ́rùn. Ó wúwo débi pé orí baba tẹ̀ dé orúnkún. Baba la ẹnu, èéfín ló jáde.

Àwọ̀ pupa sọ̀rọ̀ láti inú àwòrán náà. "Gbogbo wa la jọ ń pariwo níbí," ló wí. "Ta ló fẹ́ gbọ́ orúkọ?"

Oòrùn ti kúrò lójú fèrèsé àkọ́kọ́. Ìbídùn sáré lọ wo àwòrán ọ̀gá kan tí gbogbo gbàgede ń yìn, ó sì ṣe irú rẹ̀ gẹ́lẹ́: lẹ́tà rẹ̀, òjìji rẹ̀, àwọ̀ búlúù rẹ̀. Ó gbé e kọ́ bàbá rẹ̀ lọ́rùn. Lọ́tẹ̀ yìí ohùn jáde, ṣùgbọ́n ohùn ọ̀gá náà ni, ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin. Ó ní ewúrẹ́ òun méjì ti bímọ, òun sì fẹ́ kó lọ sí Ṣakí. Baba fọwọ́ bo ẹnu, ojú tì í. Ìbídùn já àwòrán náà kúrò, ó ń sunkún.

Baba dì í lọ́wọ́ mú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀yìn rìn, ó tó ogún ìṣísẹ̀, títí àwòrán tó wà lójú kọ̀ǹpútà fi kéré bí èékánná. Baba nawọ́ sí i. Ìbídùn wò ó, kò rí orúkọ kankan níbẹ̀, àfi bí ẹrẹ̀ aláwọ̀ búlúù. Lọ́rì kan sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Eré burúkú ló ń sá, síbẹ̀ Ìbídùn ka ohun tí bàbá rẹ̀ ti kọ síwájú lọ́rì náà tipẹ́tipẹ́: Ẹ RỌRA. Lẹ́tà funfun, etí dúdú, kò sí nǹkan mìíràn. Ẹni tó ń kọjá lọ ni wọ́n kọ ọ́ fún.

Ó padà sídìí iṣẹ́. Ó pa iná, ó gbá àwọn ìràwọ̀ jọ sínú ike, ó dé e. Ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀, láti òsì, ó sì jẹ́ kí òjìji gbogbo lẹ́tà ṣubú sí ọ̀tún. Ó kọ ṢÓYẸMÍ, orúkọ bàbá rẹ̀. Ìdajì àwòrán náà ṣófo. Àlàfo náà ń dẹ́rù bà á. Ọwọ́ ń yún un pé kó fi nǹkan kan síbẹ̀, ìràwọ̀ kan péré. Ó jókòó lé ọwọ́ náà. Àwọn ìràwọ̀ ń kan ìdérí ike.

Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún gbé rúlà lé e. "Ó ṣe rẹ́gí," ló wí. Ó bojú wo fèrèsé kẹta. "Yára."

Ìbídùn gbé àwòrán náà kọ́ bàbá rẹ̀ lọ́rùn. Baba húkọ́ díẹ̀.

"Ìbídùn," ó ní, "mo rántí pé o wà nínú ìdánwò. Ìdí tí mo fi gé ipè ọjọ́ yẹn nìyẹn."

"Kí lẹ fẹ́ sọ fún mi, Bàámi?"

"Kò sí nǹkan kan. Ohùn ẹ ni mo fẹ́ gbọ́."

Ìbídùn dì mọ́ ọn. Ọ̀dà ìgunpá baba kò tíì gbẹ, ó lẹ̀ mọ́ ọn láṣọ. Oòrùn wọ fèrèsé kẹta. Nígbà tó máa wò, aṣọ ara rẹ̀ ló dì mú.

Kò rí àyè jókòó sunkún. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ti ń sun jáde nílẹ̀, ó níyọ̀ bí omijé, ó ti dé ọrùn ẹsẹ̀. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ dìde lórí táyà, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n gbé e rù, wọ́n sì tò. Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún náà gbé tirẹ̀ lé orí gèlè.

"Mà, níbo la ń lọ?"

"Ilé. Gbàgede ti tì. Bọ́ bàtà ẹ ná," ló wí.

Ìbídùn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bọ́ ọ̀kan, ó gbé e lé orí. Ó wúwo. Nǹkan kan sì ń mí nínú rẹ̀, bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń mí bó bá sùn.