Àwọn Tó Da Ẹja Sínú Odò Wa

Nígbà tí Àsúmáù fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí, àwọn ọmọ rẹ̀ rò pé yóò jókòó sílé ní Peckham, ní ìlú London, kó máa wo tẹlifíṣọ̀n. Odò ló gbà lọ. Láàárọ̀ Sátidé, yóò wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìhà Catford, yóò so ìborùn rẹ̀ le, yóò wọ bàtà rọ́bà tó ga dé ìbàdí, yóò sì bá àwọn tó yọ̀ọ̀da ara wọn láti tún odò ṣe ṣiṣẹ́ nínú odò kékeré kan tó ń ṣàn lẹ́yìn àwọn ilé.

Adétóun, tó kàwé nípa odò, ni olórí wọn. Òun ló ṣàlàyé fún un pé tráòtù ìbílẹ̀, ẹja tí àmì pupa wà lára rẹ̀, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ níbẹ̀. Ẹgbẹ́ apẹja kan ló fà á. Ọdọọdún ni wọ́n ń ra tráòtù ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n sìn sanra nínú adágún, tí wọ́n ń dà á sódò kí wọ́n lè rí nǹkan fi ìwọ̀ fà. Ẹja ọ̀hún a jẹ oúnjẹ onílé tán, a sì tún jẹ ọmọ onílé.

Lẹ́yìn àròyé gígùn, ẹgbẹ́ náà ṣèlérí pé àwọn ò ní dà á mọ́. Àsúmáù àti àwọn yòókù wá kó ẹja àdàsódò kúrò, wọ́n tẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀ omi kí ẹja ìbílẹ̀ lè rí ibi yé ẹyin sí. Nígbà tí ọmọ ẹja yọ, tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, Àsúmáù kígbe, "Alihamudulilai!" bí ìgbà tó ṣì ń gbẹ̀bí.

Kò pẹ́ sígbà náà ló bá lọ́rì kan létí odò. Ẹja ńláńlá ń já bọ́ látinú páìpù sínú omi. Jonathan, alága ẹgbẹ́ apẹja, dúró tì í.

"Ta ló ní kí ẹ ṣe èyí?"

"Ìdíje ẹja pípa wa ti kù sí dẹ̀dẹ̀, màdáàmù. Ẹ̀ẹ̀kan yìí náà ni."

"Ṣé ẹ ò mọ̀ pé ọmọ ẹja wà níbẹ̀ ni?"

Jonathan gbé èjìká. "Ó yà mí lẹ́nu pé irú yín ló ń bínú sí àlejò. Ṣebí ibòmíràn lẹ̀yin náà ti wá."

Àsúmáù na ìka sí i.

"Ẹ má fi mí wé ẹja! Ẹsẹ̀ mi ni mo fi wá, iṣẹ́ ni mo wá ṣe. Ọwọ́ mi yìí ló gbẹ̀bí àwọn ọmọ ìlú yín, mi ò jẹ ọmọ ẹnikẹ́ni. Ẹja yìí ò bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ gbé òun wá. Ẹ̀yin lẹ rà á, ẹ̀yin lẹ dà á, ẹ̀yin náà lẹ ó pa á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣèlérí tẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́, ẹ̀yin ni mò ń bínú sí!"

Ó wọnú omi, ó dúró síwájú ẹnu páìpù. Ẹja kan gbá a láyà. Kò kúrò.

Adétóun sáré dé. "Aunty, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde, omi yẹn tutù."

"Mi ò jáde. Pe káńsù."

Awakọ̀ ló ti páìpù. Jonathan jágbe mọ́ ọn, ṣùgbọ́n awakọ̀ ní òun ò ní fi ẹja pa ìyá oníyàá.

Káńsù fagi lé ìdíje náà. Ṣùgbọ́n ẹja tó ti wọ omi ti wọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n la ikùn èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fi àwọ̀n mú, ọmọ ẹja ìbílẹ̀ ló kún inú rẹ̀.

"Aunty, àwọn apẹja ń bẹ̀bẹ̀," Adétóun sọ. "Wọ́n ní àṣìṣe ni, àwọn á bá wa fa àwọ̀n. Ṣé kí wọ́n wá?"

"Àṣìṣe kọ́. Kí wọ́n wá, ṣùgbọ́n Jonathan ni kó máa la ikùn ẹja."

Jonathan wá lóòótọ́. Ó la ẹyọ kan, ó rí ohun tó wà níbẹ̀, ó sì gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

Àsúmáù na òmíràn sí i. "Ẹ ò tíì ṣe tán."