Ìgò Ọdún Mẹ́wàá

Láti ìgbà tí ọmọ ènìyàn ti mọ iṣẹ́ ọwọ́ ni àkókò ti ń bá a dá sí gbogbo ohun tó bá ṣe. Ẹni tó kọ́ ilé, àkókò ni yóò sọ fún un bóyá ìpìlẹ̀ rẹ̀ dúró. Ẹni tó tọ́ ọmọ, àkókò ni yóò fi irú ọmọ tó tọ́ hàn án. Àwọn nǹkan kan wà tí wọ́n ń dára sí i bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn mìíràn sì wà tí àkókò ń jẹ díẹ̀díẹ̀ títí wọn yóò fi tán. Ìmọ̀ ńlá ni láti dá ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì, àwọn tó ní irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n ti rí i pé àkókò kì í tètè sọ̀rọ̀, tí wọ́n sì ń fi ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ṣòwò. Irú àwọn wọ̀nyí ni ìtàn yìí kàn, àwọn àti ọkùnrin kan tí wọ́n fi ojú rẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí láìbi í.

Bàbá Oníàgbá ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà. Ọdún mọ́kànlélógójì ló fi kan àgbá onígi fún ilé iṣẹ́ ọtí kan, àwọn àgbá ńlá tí wọ́n ń rọ bíà dúdú sí kí ó lè gba adùn lára igi. Ó mọ bí a ti í tẹ pákó lórí iná tí kò fi ní í ya, ó mọ bí a ti í fi òrùka irin dè é láìlo ìṣó kan ṣoṣo, bí ó bá sì fi ìka kan àgbá, ìró rẹ̀ nìkan tó fún un láti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì, wọ́n fún un ní aago ọwọ́ kan, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ọdún kan àtààbọ̀ lẹ́yìn èyí, awakọ̀ ilé iṣẹ́ náà kan ilẹ̀kùn rẹ̀, ó sì gbé àpótí pákó pẹlẹbẹ kan lé e lọ́wọ́. Ìgò dúdú kan ló wà nínú rẹ̀, ìda pupa ni wọ́n fi dí i lẹ́nu. Ojú Bàbá fúnra rẹ̀ ni wọ́n yà sára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Ọdún kan gbáko ni ọtí yìí fi sùn nínú àgbá méjìlá tí àgbà oníṣẹ́ ọwọ́ yìí kàn kẹ́yìn. Ẹ fi pamọ́ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá kí ẹ tó ṣí i.”

Bàbá kà á, ó nu awò ojú rẹ̀, ó sì tún un kà.

“Ọdún mẹ́wàá kẹ̀!” ni ó wí.

Ọkọ ọmọ rẹ̀ jókòó sínú yàrá náà lọ́jọ́ yẹn. Agérun ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ilé tí wọ́n ń gbé, kì í sì í pẹ́ kó tó rẹ́rìn-ín.

“Bàbá, mo ti fẹ́ fi ṣe yín ní kàyéfì tẹ́lẹ̀ ni,” ni agérun wí. “Mẹ́ta ni mo rà. Ojú yín tí mo rí lára ẹ̀ ni ò jẹ́ kí n lè kọjá.”

“Mẹ́ta? Orí mélòó lo gé kó o tó rí owó ìgò mẹ́ta?”

“Ẹ má jẹ́ ká ka orí, Bàbá. Ọmọ ọmọ yín ni mò ń tọ́jú ẹ̀ fún. Wọ́n ní tó bá fi máa pé ọdún mẹ́wàá, iye ẹ̀ á ti di ìlọ́po márùn-ún. Ìgbà yẹn gan-an lọmọ máa wọ yunifásítì. Mo ti kó o sábẹ́ àtẹ̀gùn, ibi tó tutù.”

Ojú Bàbá Oníàgbá yí padà. “Lọ kó o jáde níbẹ̀.”

“Kí ló dé?”

“Igi tí mo fi kan méjìlá yẹn, oṣù mẹ́jọ péré ló fi gbẹ. Ọdún mẹ́ta ló yẹ kó fi wà níta, kí òjò pa á, kí oòrùn pa á. Mo sọ fún máníjà lójú ara ẹ̀ pé igi yìí tutù. Ó ní kí n ṣáà kàn án. Ọtí tó bá wọ inú irú igi bẹ́ẹ̀ lè dùn lónìí, àmọ́ ìkorò igi tútù á máa yọ sí i lọ́dọọdún, afẹ́fẹ́ á sì ti gba àárín pákó wọlé. Tó bá fi máa pé ọdún mẹ́wàá, ọtí kíkan lẹ máa bá nínú ìgò. Ta sì ni gbogbo ayé máa bú? Ṣé máníjà ni wọ́n yà síbẹ̀ ni? Èmi ni! Èmi tí mi ò jẹ́ kí àgbá kan jò rí láti ìgbà tí mo ti dáyé!”

Agérun kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wo ìgò náà, ó wo àna rẹ̀.

“Ẹ má bínú o, Bàbá,” ni ó wí níkẹyìn. “Ṣé ẹ ti tọ́ ọ wò?”

Ìbéèrè náà dun Bàbá nítorí pé ó tọ̀nà. Kò tọ́ ọ wò. Òun náà kì í gbà kí ẹnikẹ́ni bú àgbá tí onítọ̀hún kò fọwọ́ kàn. Ó dìde, ó há ìgò náà mọ́ abíyá, ó sì ní kí agérun máa tẹ̀ lé òun. Ọ̀dọ̀ Ìyá Atọ́wò ni wọ́n ń lọ.

Òkè ilé aránṣọ kan ni ìyá yìí ń gbé, ní òpópónà kejì. Ọgbọ̀n ọdún ló fi tọ́ ọtí wò fún ilé iṣẹ́ kan náà, títí wọ́n fi ra ẹ̀rọ kan, tí wọ́n sì sọ fún un pé ahọ́n rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ tó. Ó gba ìgò náà lọ́wọ́ Bàbá, ó na ọwọ́ rẹ̀ jìnnà kí ó lè rí àwòrán náà dáadáa.

“Oníàgbá! O ti wá di ẹni orí ìgò! Irùngbọ̀n ta ni wọ́n yá ọ yìí?”

“Ìyá Atọ́wò, mi ò wá ṣeré.”

“Mo rí i. Jókòó, kó o má baà wó ilé lé aránṣọ lórí.”

Ó ṣàlàyé bí òun ti í ṣe é. A kì í fi ẹnu kan mọ ọjọ́ orí ọtí. Ife mẹ́ta ni yóò bu: ọ̀kan yóò di mímu lójú ẹsẹ̀, èkejì yóò wà láìbò títí di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀kẹta yóò di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ohun tí afẹ́fẹ́ ń fi ọdún púpọ̀ ṣe láti ẹnu ìgò, ó ń fi wákàtí díẹ̀ ṣe é nínú ife. Ọtí tí yóò bá pẹ́ láyé kì í ṣubú láàárín ọjọ́ kan.

Ó mu ti àkọ́kọ́. Ó yí i káàkiri ẹnu, ó pa ojú dé.

“Ó dùn,” ni ó wí.

“Ó dùn kẹ̀?” Ó dà bí ẹni pé wọ́n gbá Bàbá létí.

“Ó dùn bíi ṣúgà tí wọ́n sun. Ẹ máa lọ ná, kẹ́ ẹ padà wá lọ́la.”

Nígbà tí wọ́n padà wá láàárọ̀, Ìyá Atọ́wò kò ṣe àwàdà kankan. Ó gbé ife kẹta fún Bàbá, ó sì ní kí ó tọ́ ọ wò fúnra rẹ̀. Omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò ṣúgà ni Bàbá bá nínú ife náà.

“Láti ìrọ̀lẹ́ àná ló ti kú,” ni ìyá náà wí. “Àmọ́ gbọ́ mi dáadáa. Kò kan, kò sì korò. Ìkorò igi tútù tó ò ń bẹ̀rù yẹn, kò sí níbẹ̀. Àgbá gan-an ni kò sí níbẹ̀. Ọtí tó bá sùn nínú àgbá, adùn àgbá kì í fi í sílẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Èérún igi ni wọ́n dà sínú táǹkì irin, wọ́n wá rẹ ẹ́ bí ẹni rẹ ewé tíì. Oníàgbá, ọtí yìí ò fojú kan àgbá rẹ rí.”

“Àwọn ìgò tèmi wá ńkọ́, Ìyá?” ni agérun bi í.

“Ẹ mu ún lọ́sẹ̀ yìí, ọmọ mi. Bó o bá tọ́jú ẹ̀ di ọdún mẹ́wàá, ìgò nìkan lo tọ́jú.”

Bàbá Oníàgbá gbé ife náà kalẹ̀. Ìbínú tí ó gbé wá láti ilé kò tó ìdajì èyí tó bá lókè ilé aránṣọ. Ó ti rò pé wọ́n fi iṣẹ́ ọwọ́ òun ba ọtí jẹ́. Kò mọ̀ pé wọn kò tilẹ̀ ka iṣẹ́ náà sí tó láti bà á jẹ́. Ó bọ́ sílé, ó wá òòlù rẹ̀, àáké kékeré rẹ̀ àti irin tí ó fi ń lé òrùka, ó dì wọ́n sínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, òun àti agérun sì kọrí sí ilé iṣẹ́ ọtí náà.

Ọjọ́ tí wọ́n ń gba àwọn oníbàárà lálejò ni. Nínú yàrá àlejò, àwọn àgbá méjèèjìlá ló dúró bíi tábìlì, tí ife wà lórí wọn, tí àwọn ènìyàn bí ogún sì fi ìgbọ̀nwọ́ tì wọ́n. Bàbá mọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni mọ ọmọ rẹ̀. Bí máníjà ti rí i, ó na apá méjèèjì.

“Ẹ wò ó! Ojú ara ìgò fúnra rẹ̀ ló wọlé yìí!”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá dúró títí àtẹ́wọ́ náà fi rọlẹ̀.

“Ọ̀gá, àwọn àgbá yìí, ṣé inú wọn lọtí náà ti sùn?”

“Àwọn gan-an ni, Bàbá. Ọdún kan gbáko!”

Bàbá fi ìka kan èyí tó sún mọ́ ọn jù lọ. Ìró rẹ̀ gbẹ bí àpótí òfìfo. Ó rọra kó àwọn ife orí rẹ̀ fún agérun, ó tú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé òrùka náà sókè. Òrùka kejì ló jáde kí máníjà tó rí ọ̀rọ̀ sọ, nígbà tí ẹ̀kẹta sì jáde, àgbá náà là sílẹ̀ bí òdòdó. Bàbá mú pákó kan, ó fi àáké là á sí méjì, ó sì gbé e sókè.

“Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fowó ra ojú mi. Igi tí ọtí bá bá gbé fún ọdún kan, ọtí á wọ inú ẹ̀ tó ìbú èékánná àtàǹpàkò, ẹ ó sì rí ìlà tó fi síbẹ̀ gbangba. Ẹ bá mi wá ìlà náà.”

Pákó náà ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Dúdú iná wà lójú rẹ̀, lábẹ́ dúdú náà funfun ni, láti òkè délẹ̀. Obìnrin kan gbé e símú. “Òórùn iná nìkan ni mò ń gbọ́,” ni ó wí.

“Bàbá, ẹ jẹ́ ká wọ ọ́fíìsì,” ni máníjà wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

“Kí la fẹ́ lọ ṣe ní ọ́fíìsì? Ṣé ọ́fíìsì lẹ gbé ojú mi sí? Ìta lẹ gbé e sí, ìta náà la ti máa sọ ọ́.”

Máníjà tẹ̀ síwájú, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sí i. “Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé igi ò gbẹ. Ọ̀rọ̀ yín la tẹ̀ lé tá ò fi lò wọ́n.”

Bàbá gbé àáké sílẹ̀. Òótọ́ ni ọkùnrin náà sọ, òótọ́ náà sì burú ju irọ́ lọ.

“Láti ọdún mọ́kànlélógójì,” ni Bàbá wí, “ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, ohun tẹ́ ẹ sì fi ṣe nìyẹn? Ẹ mọ̀ pé àgbá ò dára, ẹ ò lò ó, ẹ wá kọ ọ́ sára ìgò pé ẹ lò ó, ẹ fi ojú mi dí i lẹ́nu, ẹ sì ní káwọn èèyàn lọ dúró fún ọdún mẹ́wàá kí wọ́n tó mọ̀! Ẹ yọ ojú mi kúrò níbẹ̀. Mi ò béèrè nǹkan mìíràn. Ẹ yọ ojú mi!”

Ilé iṣẹ́ náà yọ ọ́. Oṣù kan lẹ́yìn náà ni ìwé tuntun jáde lára àwọn ìgò tó kù, wọ́n ya igi kan síbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò pa “ọdún mẹ́wàá” rẹ́. Wọ́n dá owó padà fún àwọn tó béèrè, àwọn tó béèrè kò sì tó ìdajì. Wọ́n gbé máníjà lọ sí ẹ̀ka tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyá Atọ́wò kọ̀ nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pè é padà sẹ́nu iṣẹ́; ẹ̀rọ náà ló ṣì ń bá wọn tọ́ ọtí wò. Agérun dá ìgò méjì padà, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì mu ẹ̀kẹta lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan. Owó náà wà ní báńkì lórúkọ ọmọ wọn, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì kẹrin. Obìnrin tó gbọ́ òórùn iná ti dẹ́kun ọtí rírà. Bàbá Oníàgbá gba mọ́kànlá nínú àwọn àgbá náà, ó tú wọn, ó to pákó wọn sí ẹ̀yìnkùlé kí òjò àti oòrùn lè ṣe iṣẹ́ wọn tán. Ó kù díẹ̀ kí ó pé ọdún mẹ́ta tó yẹ kí igi náà fi wà níta. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n díẹ̀, ojú rẹ̀ ọ̀tún kò sì ríran dáadáa mọ́.