Ìró Bàálù ní Fegge

Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kó ẹrù wọn dé Onitsha láti wá ya eré àwọn ará ìràwọ̀ tó ń ti ojú sánmọ̀ wá bá ayé jà, kò pẹ́ rárá tí iṣẹ́ wọn kò fi lè lọ mọ́ láìsí Súlìyát. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni bàbá rẹ̀, àmọ́ àdúgbò Fegge ni wọ́n bí òun sí. Bó bá ń sọ Ígbò, àwọn ọlọ́jà á rò pé ọmọ ìyá àwọn ni. Aṣọ ló ń rán. Òun ló rán ẹ̀wù gbogbo ará ìràwọ̀ inú eré náà: aṣọ dúdú tó lẹ bébà dídán inú páálí sìgá mọ́ láyà àti lápá, tí í máa kọ mọ̀nà bí iná bá tàn sí i. Àwọn panẹbítà àdúgbò Odoakpu fi àgbá epo òfìfo kan ọkọ̀ òfuurufú kan tó tóbi tó yàrá, wọ́n sì fi ọ̀dà funfun kùn ún. Àkàbà ni wọ́n fi ń gun inú rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, ó máa ń jò.

Ogun abẹ́lé ti parí láti bí ọdún mẹ́fà. Owó epo ti dé, ilé tuntun ń yọrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí bọ́ǹbù ti wó, ẹni tí kò sì tíì ní bẹ́ẹ̀dì pàápàá ń wá tẹlifíṣọ̀n rà. Àwọn ilé tó wó yẹn ló fa ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà, Dúró Oyèwọlé, wá sí Fegge. Ọmọ Ìbàdàn ni, ó kàwé lókè òkun, kì í sì í jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní ìlú tí àwọn ará ìràwọ̀ bá wó kò yẹ kó jẹ́ páálí. Ó wá sọ Súlìyát di agbẹnusọ láàárín wọn àti àwọn ará àdúgbò. Òun ló máa ń yí ilé ká láti sọ pé, ẹ má dáná sí iwájú ilé lówùúrọ̀ ọ̀la, tàbí pé, iná tí ẹ rí lánàá, iná eré ni. Àwọn èèyàn á fèsì pé àwọn ti gbọ́, nítorí pé òun ló sọ ọ́.

Ó ku apá ìkẹyìn eré náà, ibi tí àwọn ará ìràwọ̀ ti já bọ́ láti ojú sánmọ̀ tí gbogbo ìlú sì sá. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú èyí tí wọ́n máa yà á, Dúró pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Súlì, o ti sọ fún àwọn ará òpópónà nípa ti ọ̀la?"

"Rárá, ọ̀gá. Ìrọ̀lẹ́ yìí ni mo fẹ́ yí ilé ká."

"Sọ fún wọn pé a fẹ́ ya eré. Má mẹ́nu ba ariwo."

Súlìyát wò ó lójú.

"Àwọn òṣèré tí mo ní," Dúró ní, "bí ẹni tó ń lé bọ́ọ̀lù ni wọ́n ṣe ń sáré. Mo fẹ́ eré sísá tí ẹ̀rù wà nínú rẹ̀. Kò ní ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, kò sì ní pa ẹnikẹ́ni lára."

"Irú ariwo wo ni, ọ̀gá?"

Adélékè, ẹni tó ń bójú tó ohùn, ló dá a lóhùn níbi tó jókòó sí. "Ìró bàálù ogun ni. Mo ní i nínú téèpù, a ó sì ri ẹ̀tù díẹ̀ mọ́lẹ̀."

Súlìyát fẹ́ sọ̀rọ̀. Kí ó tó ya ẹnu, Dúró fọwọ́ kàn án léjìká. "Ìbàdàn la ti máa ya ti ọdún tó ń bọ̀. Mo ti sọ fún wọn nílé iṣẹ́ pé ìwọ ni wàá jẹ́ olórí àwọn aránṣọ wa." Súlìyát pa ẹnu tó fẹ́ ya dé. Ó ní, "Ẹ ṣé, ọ̀gá."

Kì í ṣe pé kò mọ ohun tí ìró náà máa ṣe fún àwọn ará àdúgbò. Kí ogun tó dé ni bàbá rẹ̀ ti kó wọn sá lọ sí Ìsẹ́yìn. Inú rédíò ni wọ́n ti ń gbọ́ ogun nígbà tí òun ń jẹun yó tó sì ń lọ sílé ìwé. Ẹni tó mọ ogun ni Nne Nwakaego, ìyá aládùúgbò wọn tí wọ́n jọ wà nínú àgbàlá kan náà. Nígbà tí iná ń jó ọjà, tí kálukú ń gbé ohun tó lè gbé, obìnrin yìí dúró láti gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná, ó fi tapólì wé orí ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá Súlìyát, ó sì sin ín. Nígbà tí wọ́n padà dé, ọkọ́ ló kọ́kọ́ mú, kò tíì kí wọn tán. Ó ní, "Ẹrù yín rèé." Ìyá Súlìyát ti kú báyìí, Nne Nwakaego ló kù tó ń pè é ní *nwa m*, ọmọ mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, Súlìyát yí ilé ká. Ó ní eré ni wọ́n fẹ́ ya. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Ó fi Nne sí ìkẹyìn, ó sì bá a níbi tó ti ń fọ ewúro.

"Suli, kí ni àwọn èèyàn rẹ fẹ́ ṣe lọ́la? Mo rí gbohùngbohùn ńlá kan tí wọ́n gbé sórí òrùlé."

"Eré lásán ni, Nne. Ẹ má dà á rò."

"Kò sí ìbọn níbẹ̀?"

"Kò sí ìbọn."

Òótọ́ ni, kò sí ìbọn. Súlìyát di ọ̀rọ̀ yẹn mú wọlé bí ẹni tó di ohun tó jí mú, ó sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun kò parọ́.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Àwọn òṣèré wọ ẹ̀wù dídán wọn, wọ́n fara pamọ́ sẹ́yìn ògiri tó wó. Dúró na ọwọ́ sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀.

Ìró náà kò bẹ̀rẹ̀ bí eré. Ọ̀nà jíjìn ló ti ń bọ̀, ó ń han, ó ń súnmọ́lé, títí páànù òrùlé fi ń gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀tù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ bú gbàù, èéfín sì bo òpópónà.

Kò sẹ́ni tó pariwo. Ohun tó kọ́kọ́ ba Súlìyát lẹ́rù nìyẹn. Ó ti rò pé wọn á kígbe, wọn á máa bi ara wọn pé kí ló dé. Àmọ́ bí ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dójú àmì ni wọ́n ṣe ṣe é. Onígbàjámọ̀ fi orí oníbàárà rẹ̀ sílẹ̀ lábọ̀. Àwọn ìyá gbá ọmọ mọ́ra, wọ́n sì bẹ́ sínú gọ́tà, omi ìdọ̀tí dé wọn láyà. Akunne, bàbá onílé wọn tí kì í rìn láìsí ọ̀pá, ju ọ̀pá nù, ó rá wọ abẹ́ tábìlì oníbúrẹ́dì. Fìlà pupa oyè rẹ̀ bọ́ sínú eruku, kò sì bojú wẹ̀yìn wò ó.

Súlìyát dúró. Òun àti àwọn òṣìṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n nìkan ló wà lórí ìdúró ní gbogbo òpópónà.

Nne Nwakaego ti wà nínú gọ́tà, ó fi ara bo ọmọ aládùúgbò kan. Ó gbé orí sókè, ó sì rí i.

"Suli, dojú bolẹ̀. *Nwa m*, dojú bolẹ̀."

Súlìyát kò mira. Obìnrin náà jáde kúrò níbi tó ti rí ààbò. Ó ń sáré bọ̀ nínú èéfín, ó tẹ̀ba, aṣọ ìró rẹ̀ tú, ó fi í sílẹ̀ sójú títì, ṣìmí àwọ̀tẹ́lẹ̀ nìkan ló kù ní ìdí rẹ̀. Ó gbá Súlìyát ní ìbàdí mú, ó gbé e ṣánlẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀ lé e lórí. Súlìyát ń gbọ́ òórùn ewúro lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ya ẹnu rẹ," Nne ń sọ sí i létí, "ya ẹnu rẹ sílẹ̀, kí etí rẹ má baà fọ́."

Súlìyát sì ya ẹnu. Láti abẹ́ ara ìyá yẹn, ó gbé ojú sókè, ó rí kámẹ́rà. Ẹni tó gbé e ń rọra bọ̀ wá bá wọn, Dúró sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ júwe fún un pé kó túbọ̀ súnmọ́ wọn.

Ìró náà dákẹ́. Ẹnì kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí i pé òun nìkan ni, ó sì gbé e mì. Nne dìde. Ó wo àwọn ará ìràwọ̀ tí wọ́n ti ṣí akoto lórí tí wọ́n ń mu omi. Ó wo gbohùngbohùn orí òrùlé. Ó wá wo Súlìyát. Ó lọ mú aṣọ ìró rẹ̀, ó ń ró o, àmọ́ etí rẹ̀ kan ń bọ́ kúrò ní ìbàdí. Súlìyát na ọwọ́ láti bá a kì í. Nne sún sẹ́yìn.

Súlìyát tọ Dúró lọ. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ibẹ̀ yẹn kúrò."

"Ibi tó dára jù nínú gbogbo eré yìí?" Ohùn rẹ̀ kò le. "Súlì, àwọn tó ń sọ káàkiri pé ogun ti tán, jẹ́ kí wọ́n rí i."

"Ẹni tí kò sá fún bàálù rí ló lè sọ irú ohun tí ẹ sọ yìí, ọ̀gá."

"Òótọ́ ni, mi ò sá rí. Mi ò sì mọ̀ wọ́n. Ìwọ lo mọ̀ wọ́n, ìwọ lo sì dákẹ́."

Dúró fi àpò ìrẹsì ránṣẹ́ sí àdúgbò lọ́jọ́ kejì. Ẹnu ọ̀nà àgbàlá ni wọ́n sọ̀ ọ́ sí, kò sẹ́ni tó gbé e wọlé.

Akunne pe gbogbo ayálégbé jọ sí àgbàlá. Wọ́n ti bá a fọ fìlà rẹ̀, ó wà lórí rẹ̀, ó ṣì tutù díẹ̀. Ó ní kí Súlìyát dìde dúró.

"Ọmọ wa, ohun tí o wá sọ fún wa níjelòó, tún un sọ."

"Mo ní eré ni wọ́n fẹ́ ya."

"Ohun tí o mọ̀ ńkọ́?"

Ilẹ̀ ni Súlìyát ń wò. Ó bá àwọn ẹsẹ̀ tó yí i ká sọ̀rọ̀, nítorí kò lè gbé ojú sókè ju ibẹ̀ lọ. Ó sọ ti téèpù náà, ó sọ ti ẹ̀tù, ó sọ ti iṣẹ́ Ìbàdàn. Ó kúnlẹ̀. Onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ dìde, ó gbé àga rẹ̀, ó wọlé. Àwọn yòókù tẹ̀lé e lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nne ló kẹ́yìn. "Ò bá ti sọ fún mi," ó ní. "Ò bá ti ní, Nne, eré sísá ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi sá. Mo mọ̀ ọ́n sá. Ǹ bá sá a fún ọ." Ó gbé àga tirẹ̀ náà. "Dìde, ilẹ̀ tutù."

Láti ọjọ́ náà, Nne kò yé bu oúnjẹ sílẹ̀ fún un. Àmọ́ orúkọ rẹ̀ ló fi ń pè é, Súlìyát, odindi, bí àlejò ṣe ń pè é.

Súlìyát ránṣẹ́ sí Dúró pé òun kò ní lọ sí Ìbàdàn. Eré náà jáde lẹ́yìn àsìkò òjò. Ní ọjà Bridge Head, èèyàn pé lé tẹlifíṣọ̀n oníṣọ́ọ̀bù kan, Súlìyát tó lọ ra òwú sì bá wọn níbẹ̀. Wọ́n ti gé ibi tí aṣọ ìró Nne ti tú kúrò. Gbogbo ìyókù wà níbẹ̀. Nígbà tí obìnrin inú èéfín gbé ọmọbìnrin yẹn ṣánlẹ̀, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin kan yíjú, ó wo Súlìyát, ó tún wo tẹlifíṣọ̀n.

"Ìwọ nìyí," ó ní, ó sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Ẹ ṣe dáadáa. Òṣèré wo ni màmá yẹn?"

"Kì í ṣe òṣèré. Ìyá mi ni. Kò mọ̀ pé eré ni, èmi ni mo tàn án."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Ó wo ojú rẹ̀ dáadáa. Ó rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú tirẹ̀, ó sì yí padà sí tẹlifíṣọ̀n. Súlìyát ra òwú tó wá rà, ó sì gba ọ̀nà ilé lọ.