Igi Tó Mọ̀ Mí Lọ́gbà Àlájà Kúbúrà

Igi ẹgbẹ̀rún méjì ni mo fẹ́ rà lọ́gbà Àlájà Kúbúrà. Mo ti sọ fún Ìyá Múínà, ìyá ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́, pé igi nìkan ló kù tí ilé mi ò tíì ní. Ilé ọ̀hún wà nínú àpò àyà ẹ̀wù mi. Mo ká a ní mẹ́rin bí aṣọ ìnujú. Alájà mẹ́ta ni, fèrèsé ẹ̀ sì ń gún mi láyà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún màmá Múínà pé alájà márùn-ún ni, ó wúwo sí i, ẹ̀wù mi wọ́ sílẹ̀ lápá kan. Mi ò jẹ́ kó hàn lójú mi. Èmi tí mo gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àjàgbé lórí láti Ìwó dé Ẹdẹ, tí mo tún dúró jẹ ẹ̀wà lọ́nà láì sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ni ilé ẹyọ kan máa fi mí ṣe.

Ọgbà náà wà létí ọ̀nà, níbi tí ilẹ̀ ti ń rọ̀ lọ sódò. Àwọn ọmọ igi tò sínú ọ̀rá dúdú, ìlà wọn lọ títí ojú mi ò fi tó o mọ́, ojú mi sì ń ríran dé ìlú kejì. Wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ìbòrí lé àwọn kéékèèké lórí. Ọ̀sán gangan ni. Oòrùn méjì ló wà lókè, ọ̀kan fún àwa tá a wá rajà, ọ̀kan fún àwọn igi. Ìyá Múínà bọ́ bàtà ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà torí ó ní ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ ju yàrá òun lọ. Èmi náà bọ́ tèmi. Àwọn bàtà náà rìn lọ síbi tó wù wọ́n, a ò dá wọn dúró.

Àlájà Kúbúrà jókòó lórí ìkòkò òdòdó tí wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀. Ó di róbà omi mú, ó ń bomi rin ẹsẹ̀ ara ẹ̀. Ó kí wa kú ọ̀nà.

Mo ní, "Àlájà, ẹ kó gbogbo ohun tẹ́ ẹ ní jáde. Èmi kì í ra nǹkan díẹ̀."

Ó ní, "Gbogbo ẹ̀ ti wà níta, bọ̀dá. Ti ibòji lẹ fẹ́ ni, àbí ti ẹ̀ṣọ́?"

"Ẹ da méjèèjì pọ̀."

"Báwo ni iwájú ilé yẹn ṣe fẹ̀ tó?"

Mo ní, "Bẹ́ ẹ bá kírun Àyìlá lẹ́nu géètì, Àlàásárì á bá yín lọ́nà kẹ́ ẹ tó kan ilẹ̀kùn."

Àlájà wo àpò mi tó ń wọ́, ó ní, "Ẹ rọra o, kó má ya." Ìyá Múínà ní kí Àlájà má dá mi lóhùn, pé bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́. Ó fẹ́ràn mi. Òun ló kọ́kọ́ fẹ́ràn mi kí ọmọ ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

A ń rìn láàárín ìlà. Igi fúrúùtù kan bọ̀ mí lọ́wọ́, ó bi mí pé iṣẹ́ ńkọ́. Àwọn ọ̀pẹ òyìnbó ò kí ẹnikẹ́ni. Mo ń tọ́ka sí èyí tí mo fẹ́, Àlájà sì ń so òwú funfun mọ́ ọn lọ́rùn kí ẹlòmíì má baà rà á. Òwú yẹn gùn ju ìrìn tá a rìn lọ.

Nígbà tá a dé ọ̀dọ̀ àwọn òdòdó pupa tí wọ́n máa ń gbìn yí ilé ká, wọ́n dákẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ. Ẹ ṣáà mọ bí ilé ṣe máa ń dákẹ́ tí ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ bá yọjú. Àlájà ní wọn ò gbin kóró wọn, ẹ̀ka ni wọ́n gé wá látara ọgbà ilé ńlá kan l'Óṣogbo, òun sì gún wọn mọ́lẹ̀, wọ́n mú. Mo ti mọ ilé tó ń wí kó tó sọ ọ́ tán. Ibẹ̀ ni bàbá mi ti ṣe gádínà fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, títí tó fi kú. Ọwọ́ ẹ̀ ló ń gé wọn nírun.

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Làmídì kọ́ nìyẹn?"

Èkejì ní, "Òun ni. Irọ́ ti gbó lẹ́nu ẹ̀ sí i."

"Ọmọ Bàbá Rájí?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ? Kò ní bàbá kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Gádínà wọn ni."

Gbogbo wọn bo ẹnu rẹ́rìn-ín, ewé ń já bọ́ lára wọn.

Ohun tí wọ́n ń fà yọ nìyí, èyí kì í ṣe tàlá, ojú ayé ló ti ṣẹlẹ̀. Bàbá mi wá sí ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ó se àgbàdo wá fún mi. Àdá wà lọ́wọ́ ẹ̀, ṣòkòtò ẹ̀ ti ya lórókún, koríko lẹ̀ mọ́ ọn nírùngbọ̀n. Mo sì ti sọ fún àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù pé bàbá mi ló ni oko kòkó tí wọ́n ń fi ọkọ̀ òfúrufú yípo. Wọ́n bi mí pé ta ni bàbá yìí. Mo ní gádínà wa ni. Ó gbọ́. Ó gbé àgbàdo sílẹ̀ sórí irin, ó ní ẹ kú iṣẹ́ o, ó lọ. Ó tún lo ọdún kan láyé lẹ́yìn ẹ̀. A jọ ń jẹun, a jọ ń kírun. A ò mẹ́nu bà á rí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ kí Ìyá Múínà má baà gbọ́ ohun tí àwọn òdòdó ń sọ. Mo wúkọ́ débi pé ẹyẹ fò kúrò lágbègbè yẹn, wọn ò padà mọ́. Màmá ní ṣé mo fẹ́ mumi ni. Mo ní rárá, pé ikọ́ àwọn olówó ni.

Ìbòrí imọ̀ ọ̀pẹ ń sún mọ́lẹ̀ bá a ṣe ń lọ. Nígbà tí mo gbójú sókè, yàrá bàbá mi la wà. Bùútà ẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ̀wù òjò ẹ̀ wà lórí ìṣó, àwọn ọmọ igi sì tún wà nílẹ̀ nínú ọ̀rá bí wọ́n ṣe wà níta. Bàbá mi dúró sáàárín wọn. Ó wà nínú ọ̀rá dúdú dé orókún, ilẹ̀dú yí ẹsẹ̀ ẹ̀ ká. Ewé ti hù léjìká ẹ̀, ewé tútù tó ń dán. Ó ń fọwọ́ ara ẹ̀ já àwọn tó ti pọ́n kúrò. Kò rù, kò sanra. Ó wà bó ṣe wà kí àìsàn tó dé.

Ìyá Múínà dúró. Ó ní, "Èyí wù mí. Ó dúró jẹ́jẹ́. Kí lẹ̀ ń pè é?"

Àlájà ní, "A ò mọ orúkọ ẹ̀. Ẹsẹ̀ ara ẹ̀ ló fi rìn wá. Ó ní ọmọ òun ń bọ̀ wá gbé òun."

"Ọmọ náà ńkọ́?"

"Kò tíì dé. Òjò ọdún méjì ló ti pa á níbí."

Àlájà bẹ̀rẹ̀, ó gbé etí ọ̀rá náà díẹ̀. Gbòǹgbò ti gba ìdí ọ̀rá jáde, ó ti wọ ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ rí i? À ń sún àwọn tó kù kiri lóṣooṣù kí gbòǹgbò wọn má baà mú ilẹ̀. Èyí ò gbà ká sún òun. Ó ní bí ọmọ òun bá dé, tí ò bá òun níbi tóun wí, ṣebí ó máa rò pé òun ti lọ."

Ìyá Múínà ní òun máa rà á, pé iwájú ilé òun ni yóò wà, kí Múínà máa rí i tó bá ń wọlé tó bá ń jáde.

Àlájà ní, "Ó dáa. Àmọ́ igi tó bá ti wọlẹ̀ báyìí, ọ̀nà méjì ni. Bí ẹbí ẹ̀ bá pe orúkọ ẹ̀ àti oríkì ẹ̀, yóò kó gbòǹgbò ẹ̀ jọ fúnra ẹ̀, wẹ́rẹ́ báyìí. Bí kò bá sí ẹbí, àdá la máa fi gé e. Èyí tá a bá sì fi àdá gé, mi ò lè búra pé yóò yè."

Ìyá Múínà yíjú sí mi. "Làmídì, ìwọ tó o mọ gbogbo èèyàn. Ṣé o mọ ẹbí ẹ̀?"

Mo mọ orúkọ, mo mọ oríkì. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni. Àmọ́ mo ti sọ fún obìnrin yìí pé bàbá mi lọ sí Mẹ́kà lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, pé àwọn ará ibẹ̀ máa ń ránṣẹ́ wá béèrè ẹ̀ tí kò bá tètè dé. Mo wo bàbá mi. Ó ti gbójú sí ara ògiri kí ojú wa má baà ṣe mẹ́rin. Ó ń fi ààyè sílẹ̀ fún mi.

Mo ní, "Màmá, níbo lèmi ti máa mọ ẹbí igi."

Màmá bi igi náà fúnra ẹ̀. "Bàbá, ṣé ẹ mọ ọmọ yìí?"

Bàbá mi wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń wo ọmọ tó wọ aṣọ Iléyá tuntun. Ó ní, "Rárá o, ìyá. Mi ò mọ̀ wọ́n rí. Ó jọ pé èèyàn ńlá ni wọ́n."

Ojú tì mí. Ẹ ti gbọ́ tí mo fẹ nǹkan lójú dáadáa látàárọ̀, mi ò fẹ èyí lójú. Ìtìjú náà gba àtẹ́lẹsẹ̀ mi wọlé láti inú ilẹ̀, ó tutù, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bí omi ṣe ń gun ògiri amọ̀. Ó kan orókún mi, ó kan ikùn mi. Mo rò pé bó bá dé ọ̀fun mi, mo máa pe orúkọ ẹ̀. Ó dé ọ̀fun mi, mo gbé e mì.

Àlájà na àdá sí mi. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ lágbára níbí. Ṣebí ẹ̀yin lẹ gbé ẹ́ńjìnnì lórí." Mi ò rántí pé mo sọ ìyẹn fún un.

Mo kúnlẹ̀ nídìí bàbá mi. Bí mo ṣe gbé àdá, ó bẹ̀rẹ̀ wò mí, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀, ohùn tó fi kọ́ mi láti tu koríko nígbà tí mo ṣì kéré. Ó ní, "Ẹ má sáré. Ẹ dẹ orí àdá náà sílẹ̀ díẹ̀. Ẹ má gé e nítòsí ẹsẹ̀, ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ, á dùn ún gé." Mo lọ sísàlẹ̀. Gbòǹgbò náà rọ̀. Ó gé lẹ́ẹ̀kan, kò tilẹ̀ jà. Omi díẹ̀ jáde níbẹ̀, bàbá mi sì fi ẹsẹ̀ da ilẹ̀ bò ó kí n má baà rí i.

Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o."

A gbé e sínú bárò, mo tì í jáde. Kò wúwo. Mo fẹ́ kó wúwo. Ìyá Múínà ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń sọ irú aṣọ tí òun máa rà fún ìdáná, ó ní mo ṣe dáadáa, pé ọkùnrin tó bá mọ àdá lò kì í ṣe ọ̀lẹ. Àwọn òdòdó pupa tí mo kọjá lára wọn ò bú mi mọ́. Wọ́n kàn yí ewé wọn sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ọkọ̀ kan ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọkọ̀ onípákó lẹ́yìn. Kò ní dírẹ́bà, ó mọ ilé Ìyá Múínà fúnra ẹ̀. A gbé bàbá mi sẹ́yìn ẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ewé èjìká ẹ̀ ti ń rọ. Wọ́n ń ká wọnú lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo bi Àlájà pé kí la lè ṣe sí i. Ó ní omi ò tó o mọ́ báyìí. Ó ní, "Ẹni tó yẹ kó pè é ni ò pè é."

Ọkọ̀ gbéra. Mo ṣí ẹnu, mo pariwo, "Rájí Àkàngbé. Bàbá mi."

Orúkọ náà jáde. Kò le bí mo ṣe rò.

Gbogbo ọgbà dáhùn. Fúrúùtù dáhùn, ọ̀pẹ òyìnbó dáhùn, àwọn tí wọn ò tíì ju ìka lọ lábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ dáhùn, gbogbo èyí tí òwú wà lọ́rùn wọn àti èyí tí kò sí. Ohùn bàbá mi ni gbogbo wọn fi dáhùn, bó ṣe máa ń dáhùn láti ẹ̀yìnkùlé tí mo bá pè é wá jẹun. "Ẹ̀ẹ́n, Làmídì." Wọ́n ń kó gbòǹgbò jọ nílẹ̀, mo ń gbọ́ ọ bí ẹni ń ká ẹní. Èyí tó wà nínú ọkọ̀ nìkan ni kò dáhùn.

Ìyá Múínà ti dúró. Inú ò bí i. Ó wò mí, ó wo ọgbà náà lọ títí, ó tún wò mí.

Ó ní, "Bàbá ẹ. Èwo nínú wọn?"

Mo na ọwọ́ sí ọkọ̀ tó ń rọ̀ lọ sódò. Bàbá mi ti bẹ̀rẹ̀ nínú ẹ̀, ó dẹ̀yìn kọ wá, ó ń tu koríko tó hù láàárín àwọn pákó. Ó ń tu ú tìṣọ́ratìṣọ́ra, ó ń gbọn ilẹ̀ ìdí ẹ̀ sílẹ̀ kó tó jù ú. Ọkọ̀ wọ inú omi, kò dúró. Omi bo táyà, ó bo pákó, ó bo ẹ̀yìn bàbá mi. Koríko ṣì ń jáde wá sójú omi, ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbòǹgbò ẹ̀ mọ́ nigín-nigín.