Pásíwọ̀ọ̀dù Abẹ́ Àtẹ́lẹwọ́ Àǹtí Jael

Bí èmi Teslim bá ya ẹnu ní Ojúẹlẹ́gbà, wáìfáì á máa tú jáde lẹ́nu mi bí omi páìpù tó bẹ́, àwọn tó wà ní Ìdó á sì máa wo bọ́ọ̀lù lórí fóònù wọn láì ra dátà. Lọ́jọ́ tí mo sín ní Yaba, kọ̀mpútà mẹ́tàdínlógún tó ti kú tipẹ́ jí dìde, wọ́n sì kí mi kú ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ béèrè. Àmọ́ àwọn tó máa jẹ́rìí mi ti kó lọ sí Kánádà.

Ohun tí mo sọ fún Àǹtí Jael nìyẹn ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, nígbà tó wá kan ilẹ̀kùn mi nínú ilé tí a jọ ń gbé ní Surulere.

"Teslim, mi ò ráyè àlọ́," ó ní. "Wáìfáì mi ò ṣiṣẹ́. Aago méjì ni iléeṣẹ́ kan fẹ́ fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò lórí kọ̀mpútà. Oṣù méje ni mo ti ń wá iṣẹ́ yìí. Tí mi ò bá wọlé ní méjì géérégé, ẹlòmíràn ni wọ́n máa pè. Fóònù mi sì wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe. Ṣé dátà wà lórí tìẹ?"

"Dátà kẹ̀? Àǹtí, ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti rí dátà gbẹ̀yìn."

Àǹtí Jael ò ríran, láti kékeré ni. Tíṣà ni tẹ́lẹ̀. Kọ̀mpútà rẹ̀ a máa ka gbogbo ohun tó bá wà lójú rẹ̀ sókè fún un, kíákíá, bí ẹni tí ilé ìyàgbẹ́ rẹ̀ jìnnà. Gbogbo rẹ̀ ni Àǹtí ń gbọ́. Èmi tí mò ń gbọ́ ìjà èèrà ní Ládìpọ̀, níbi tí mo ti ń ta dígí mọ́tò, mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú ẹ̀.

Kí n tó tẹ̀lé e wọlé, ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín, kó má kúrò níbí o. Èmi ni mo bà á jẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Àǹtí pààrọ̀ pásíwọ̀ọ̀dù, èmi tí mò ń jẹ wáìfáì rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbààwẹ̀. Lánàá, ó ní kí n wá bá òun pààrọ̀ gílóòbù pálọ̀. Mo ní, "Àǹtí, kí lẹ fẹ́ fi iná ṣe?" Ó ní, "Àwọn àlejò mi ni. Wọ́n ń kọlu àga mi." Bó ṣe yà sí ilé ìdáná báyìí, mo rí ráútà, àpótí kékeré tó ń fọ́n wáìfáì káàkiri ilé, lórí tábìlì. Ẹnìkan ti sọ fún mi pé ihò kan wà lẹ́yìn ẹ̀, téèyàn bá ki nǹkan ṣóńṣó bọ̀ ọ́, ráútà á gbàgbé pásíwọ̀ọ̀dù tuntun, á padà sí èyí tí wọ́n kọ sí ìdí ẹ̀ látilẹ̀. Mo yọ igi ìtayín lẹ́nu, mo kì í bọ̀ ọ́. Mo ka nọ́ńbà mẹ́jọ tó wà nídìí ẹ̀, mo há wọn sórí. Mo rò pé àwa méjèèjì á jọ máa pọnmi lẹ́nu ẹ̀rọ kan náà ni. Mi ò mọ̀ pé orúkọ tí kọ̀mpútà Àǹtí fi mọ ráútà náà á pa rẹ́.

Ìjàkadì ni mò ń wò lórí fóònù nígbà tó kanlẹ̀kùn. Mo kàn jù ú sápò ni, mi ò pa á.

A dé pálọ̀. Àǹtí dúró.

"Teslim, kí ló ń sọ̀rọ̀ lápò ẹ?"

"Ebi ni, Àǹtí. Inú mi ló ń kùn."

"Ó ń kùn ní Gẹ̀ẹ́sì?"

"Oúnjẹ òyìnbó ni mo jẹ láàárọ̀."

Kó má baà béèrè sí i, mo bẹ́ mọ́ ráútà. Mo kọjú ẹ̀ sí Ìkòròdú, mo kọjú ẹ̀ sí Mushin, mo gbá a létí, mo sì fi ṣíbí ọbẹ̀ lé e lórí kó lè máa fa nẹ́tíwọ̀kì láti òkè.

"Iná wo ló ń tàn lára ẹ̀?"

"Aláwọ̀ ewé kan, pupa kan, àti ọ̀kan tó ní àwọ̀ gààrí Ìjẹ̀bú."

"Lọ jókòó."

Ó gbé ṣíbí kúrò, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ráútà. "Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Iná ń wọ inú ẹ̀." Ó fìka tọ wáyà títí dé ara ògiri. Ó pé. Ló bá tẹ kọ̀mpútà, ìyẹn sì tú ẹnu, ó ń ka orúkọ gbogbo wáìfáì tó wà ládùúgbò.

"Ilé Pásítọ̀ Jethro," Àǹtí ń tún un sọ tẹ̀lé e. "Má Jí Mi. Búrẹ́dì Lucy. Tèmi, Ilé Ọlánípẹ̀kun, ò sí níbẹ̀. Àmọ́ ọ̀kan wà tí mi ò mọ̀ rí, nọ́ńbà lásán, òun ló lágbára jù." Ó gbé kọ̀mpútà lọ sẹ́nu ọ̀nà. "Agbára ẹ̀ ti dínkù." Ó gbé e padà sórí tábìlì. "Ó ti pọ̀ padà. Inú yàrá yìí ló wà nìyẹn. Ráútà mi ni. Ó ti gbàgbé orúkọ ara ẹ̀."

"Ọjọ́ ogbó ni!" mo ní. "Báyìí náà ni ti bàbá wa àgbà ṣe bẹ̀rẹ̀."

Àǹtí dojú ráútà délẹ̀, ó ń fìka wá gbogbo ara ẹ̀. Ó dé ibi ihò, ó dúró. Ó fi èékánná yọ nǹkan kan níbẹ̀, ó fi í sápò. Ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún lé ìwé tó lẹ̀ mọ́ ìdí ráútà.

"Ìwé rèé. Pásíwọ̀ọ̀dù á wà lórí ẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló kù. Kà á fún mi, Teslim."

Àjà ni mò ń wò ní tèmi, mo nawọ́ sókè bí ẹni tó ń gba ìròyìn láti ojú sánmà, torí mo fẹ́ kó mọ̀ pé ọ̀gá pátápátá lòun pè wá. Mo ní, "Mẹ́rin, méje, méje, òdo, mẹ́sàn-án, ẹyọ kan, méjì, méjì!"

Ó fi ọwọ́ òsì tẹ̀ ẹ́. Kọ̀mpútà sọ ọ̀rọ̀ kan péré. Èmi náà gbọ́ ìyẹn: ó ti wọlé.

Mo fò sókè. "Mo sọ fún yín àbí mi ò sọ? Ẹ lọ ròyìn mi fún gbogbo Èkó!"

"Teslim."

"Mà."

"Kí lo kà?"

"Ìwé ìdí ráútà ni, mà."

"Ọwọ́ mi ló wà lórí ẹ̀."

Mo wolẹ̀. Òótọ́ ni. Àtẹ́lẹwọ́ Àǹtí bo ìwé yẹn bí ìdérí ìkòkò. Eruku ò lè yọjú níbẹ̀.

"Ojú mi máa ń wọ inú ẹran ni, Àǹtí. Tí mo bá wo màlúù tó ń rìn lọ, mo máa ń rí ṣàkì."

"Ojú yẹn náà ló gbàgbé èyí sínú ihò?" Ó yọ ọ́ lápò: ṣóńṣó orí igi ìtayín tó kán. Ó gbé e sí imú. "Alámẹ́ńtọ́ọ̀lù. Ta ló ń jẹ irú ẹ̀ nílé yìí?"

Èyí tó wà lẹ́nu mi já bọ́. Àǹtí yí orí síbi tó bọ́ sí. Lápò mi, rẹfirí ìjàkadì fọn fèrè.

"Inú ẹ tún ti ń kùn," Àǹtí ní.

Kọ̀mpútà bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àwọn ará iléeṣẹ́ náà ti ń pè. Àǹtí tún ọrùn aṣọ ẹ̀ ṣe, ẹ̀rín sì ń bọ́ lẹ́nu ẹ̀. "Jókòó síbẹ̀ títí màá fi parí. Ọ̀rọ̀ tiwa ò tíì bẹ̀rẹ̀."

Ta ló fẹ́ jókòó?

"Ẹ káàsán, sà, Jael Ọlánípẹ̀kun ni," ni mo gbọ́ lẹ́yìn, torí mo ti dé ẹnu ọ̀nà. Bàtà ẹsẹ̀ kan ló rí mi tẹ̀lé. Mo fo géètì tí wọn ò tì. Bí mo ṣe ń kọjá lọ́dọ̀ Lucy oníbúrẹ́dì báyìí, wáìfáì Àǹtí ò tó mi mọ́, ìjàkadì dákẹ́ nínú àpò mi.