Ọ̀nà Abà Ògúnwùmí

Ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, Ọmọ́tóyọ̀sí ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ní ìṣirò. Baálẹ̀ Àjàmú fúnra rẹ̀ ló wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, fìlà lọ́wọ́, kò sì wọlé.

"Tíṣà, wọ́n ti gbé e fún Abà Ògúnwùmí."

Kò ní kó tún un sọ. Láti ọdún tó kọjá ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ti ń wá sí agbègbè wọn lọ́nà Ìgànná, tí wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa kọ́ ilé ìwòsàn sí, èyí tí yóò tó àwọn ará ibẹ̀ lò títí di ogún ọdún sí i. Wọ́n ní iye ọmọdé tó wà ní abúlé kọ̀ọ̀kan ni àwọn máa fi mọ ibi tí èrò máa pọ̀ sí lọ́jọ́ iwájú. Ọmọ́tóyọ̀sí ló ka ti Ìdí-Àyin, abúlé tiwọn. Ó lọ láti ojúlé dé ojúlé, ṣùgbọ́n àwọn ìyá kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa ka ọmọ wọn. Àwọn kan ní Ọlọ́run ló mọ iye tí Ó fún wọn. Àwọn mìíràn ní kí ó ṣáà kọ ẹyọ kan. Kò rọ̀ wọ́n. Òun náà mọ bí ìbéèrè yẹn ṣe ń gún ènìyàn lọ́kàn. Iye tí wọ́n bá fún un ló fi ránṣẹ́.

Ní Abà Ògúnwùmí, Sodiqat aránṣọ ló ka tiwọn. Òun àti Ọmọ́tóyọ̀sí jọ lóyún nígbà kan náà, wọ́n jọ ń gun ọ̀kadà kan ṣoṣo lọ fún àyẹ̀wò ní Ìgànná. Ọmọ́tóyọ̀sí bí Ọpẹ́, Sodiqat bí Misturat. Nígbà tí Ọpẹ́ pé ọmọ ọdún mẹ́fà, ibà líle mú un lásìkò òjò, ó sì kú lórí ọ̀kadà kí wọ́n tó dé Ìgànná. Bàbá rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Òun nìkan ló kù fún ìyá rẹ̀. Láti ìgbà náà, àwọn ará Ìdí-Àyin kò pe Ọmọ́tóyọ̀sí ní Ìyá Ọpẹ́ mọ́. Tíṣà ni wọ́n ń pè é. Òun náà kò yà sílé Sodiqat mọ́. Kò sí ìjà. Kò kàn lè gbọ́ kí wọ́n pe Misturat, kí ọmọ náà sì dáhùn.

Sodiqat wá ní gbogbo rẹ̀ báyìí: ọkọ, ọmọ, àti ilé ìwòsàn tí Ọmọ́tóyọ̀sí ti ń bẹ ìjọba fún láti ìgbà tí ó ti sin ọmọ rẹ̀. Ó jowú débi pé kò lè jẹun ọ̀sán.

Nírọ̀lẹ́, Baálẹ̀ sọ fún un pé àwọn òṣìṣẹ́ náà ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ láti wá kan èèkàn sí ilẹ̀ náà. Ó ní kí ó sọ fún wọn pé ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n kó wá kún tiwọn ní Abà Ògúnwùmí. Wọn á gba Tíṣà gbọ́, wọn á dá iṣẹ́ dúró, ó sì lè kan Ìdí-Àyin. Ọmọ́tóyọ̀sí kò gbà, kò sì kọ̀. Ó ní òun máa kọ́kọ́ fojú ara òun rí i. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ń gbàdúrà pé kí ó jẹ́ òótọ́ pé wọ́n purọ́. Àdúrà náà tì í lójú, síbẹ̀ ó gbà á.

Ọ̀nà ẹsẹ̀ tó gba ẹ̀yìn odò kò jìn, ṣùgbọ́n koríko bẹẹrẹ ti bò ó. Ó ń fi ọwọ́ yà á títí ó fi dé Abà Ògúnwùmí. Àwọn ọmọdé kún ìta gbogbo ilé, àwọn mìíràn wà lẹ́yìn ìyá wọn. Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀.

Sodiqat dìde nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. "Ìyá Ọpẹ́, ṣé ìwọ nìyí?"

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè é bẹ́ẹ̀. Ó wá ibi jókòó. "Báwo lo ṣe rí wọn kà? Àwọn tiwa ò gbà."

"Ta ló máa gbà? Ìyá ọkọ mi ní tí n bá nàka sí ọmọ òun kan, òun á gé ìka yẹn." Sodiqat rẹ́rìn-ín. "Ni mo bá din àkàrà. Mo ní kí ọmọdé kọ̀ọ̀kan wá gba ẹyọ kan, kí ẹni tó bá pọnmọ gba ti ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Mi ò ka ọmọ ẹnikẹ́ni. Àkàrà ni mo kà."

"O ò wá sọ fún mi."

"Mo wá. O wà nílé, o ò ṣílẹ̀kùn."

Misturat gbé omi wá láti ẹ̀yìnkùlé, ó kúnlẹ̀. Ọmọ náà ti ga. Ọmọ́tóyọ̀sí gba omi, ó ń wo èjìká rẹ̀, ibi tí èjìká Ọpẹ́ ìbá dé. Owú náà kò lọ. Ó mu omi náà tán.

Ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ ló gbà lọ tààrà nígbà tó padà. "Baba, àwọn ọmọ náà wà níbẹ̀. Mo rí wọn."

"Kò dùn ọ́ ni? Ìwọ gan-an?"

"Ó dùn mí, sà. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dá a dúró, Ìgànná náà la ó tún máa gbé ọmọ lọ."

Baálẹ̀ ráhùn pé igbó ló wà lójú ọ̀nà ibẹ̀, ta ni yóò gbé ọmọ gba inú igbó.

Láàárọ̀ Sátidé, Ọmọ́tóyọ̀sí mú àdá àti ọkọ́, ó lọ sí ẹ̀yìn odò. Àbíkẹ́, tí oyún rẹ̀ ti tóbi, ń bọ̀ láti odò, ó dúró wò ó.

"Tíṣà, oko ta lẹ ń ro?"

"Kì í ṣe oko. Ọ̀nà ilé ìwòsàn ni. Mo ń ro ó fún Ọpẹ́."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń gé bẹẹrẹ nídìí, ó ń kó o sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ro ó fẹ̀ tó bí ọ̀kadà ṣe lè gbà á kọjá.