Ọjọ́ Tí Dusik Pe Ọlọ́run Ní "O"

Ní etíkun Kòríà, níbi tí Dusik ti ń tún ọkọ̀ apẹja ṣe, ènìyàn kì í pe àgbà ní "o". Ọlọ́run gan-an, "Ẹ" ni wọ́n ń pè É nínú àdúrà, wọ́n á sì tún fi ìtẹríba mẹ́ta lé e. Ẹni tó bá sọ pé, "O ṣeun, Olúwa," wọ́n á ní ó ti mutí yó.

Alàgbà Pyo mọ ẹnu Dusik dáadáa. Ìdí nìyẹn tó fi kọ àdúrà sínú ìwé wá sílé rẹ̀ lọ́jọ́ tí ikú Malsun, ìyàwó Dusik, pé ọdún kan. Ará ìjọ mẹ́jọ jókòó sílẹ̀ yí tábìlì kékeré ká. Àwòrán Malsun wà lórí rẹ̀. Ìyá Malsun, arúgbó ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, fẹ̀yìn ti ògiri.

"Díákónì, kà á bó ṣe wà," Alàgbà sọ fún Dusik kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Má fi tìẹ kún un o."

Dusik wo ìwé náà. "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Yín, Baba, pé Ẹ mú arábìnrin wa lọ ní àkókò tó tọ́ lójú Yín." Ó tún padà sórí "a dúpẹ́" yẹn, kò kà á síta.

Ọgọ́rùn-ún òwúrọ̀ ló ṣèlérí fún Ọlọ́run nígbà tí Malsun ń ṣàìsàn. Yìnyín ì báà bọ́, aago márùn-ún ìdájí á bá a ní ṣọ́ọ̀ṣì, á máa bẹ̀bẹ̀. Ní òwúrọ̀ kẹtàdínlọ́gọ́rùn-ún, Malsun kú. Dusik wọ aṣọ ọ̀fọ̀, ó lọ ní òwúrọ̀ mẹ́ta tó kù. Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn jókòó kí iye rẹ̀ lè pé. Láti ìgbà náà, kò gbàdúrà mọ́. Ó sì mọ̀ pé bí òun bá ka irọ́ yìí lójú Malsun, òun kò tún ní lè gbàdúrà láéláé.

Ó ká ìwé náà kéékèèké, ó fi ti ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì. Ó di ojú.

"Ọlọ́run, èmi Dusik ni. O mọ̀ mí."

Alàgbà yára la ojú.

"Mo ṣèlérí ọgọ́rùn-ún, mo sì ṣe é pé. Tìẹ dà?"

"Àmín!" Alàgbà pariwo, kó lè gé àdúrà náà kúrú.

"Mi ò tíì ṣe tán," Dusik ní.

"Ta lò ń pè ní 'o'? Ẹgbẹ́ ẹ ni?"

"Alàgbà, ẹ̀yin ni mò ń pè ní 'ẹ'. Ṣé mo fẹ́ràn yín ni?"

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ó sì yára fi ikọ́ bò ó.

"Odidi ogójì ọdún, 'o' lèmi àti Malsun ń pe ara wa. A sì jà dáadáa." Dusik tún di ojú. "Ọlọ́run, inú ń bí mi sí Ọ. O gbọ́ mi, O dákẹ́. Mi ò dúpẹ́, má sì retí ẹ̀. Ọjọ́ tí mo bá dúpẹ́, wàá mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó tán."

Kò sẹ́ni tó ṣe àmín. Alàgbà dìde, ó ń wá kóòtù rẹ̀. "Èmi ò ní jẹun nílé yìí!"

"Ẹja á ṣẹ́kù nìyẹn," Dusik dáhùn.

"Alàgbà, ẹ jókòó," ìyá Malsun sọ láti ẹ̀gbẹ́ ògiri. "Àdúrà kò tíì parí."

"Mo ti ṣe tán, Ìyá," Dusik ní.

"Èmi ò tíì ṣe tèmi."

Gbogbo ìjọ ló mọ àdúrà ìyá yìí. Kó tó kí Ọlọ́run tán, ọbẹ̀ á ti tutù. Ó pa ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Ètè rẹ̀ ń wá ọ̀rọ̀ náà, bí ẹsẹ̀ tí ń tọ́ omi tútù wò.

"Ọlọ́run," ó ní, "ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí ni. O... O mọ̀ bẹ́ẹ̀, àbí?"

"Àmín," ni Dusik wí, ó sì pariwo rẹ̀ ju ti Alàgbà lọ.